Àna Ìjọ Onítẹ̀bọmi

Ní àdúgbò yẹn, ènìyàn kò nílò kàlẹ́ńdà kó tó mọ̀ pé ọjọ́ Ìsinmi ti dé. Etí lásán ti tó. Kí oòrùn tó gun òkè dáadáa, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan á ti máa bọ̀ lójú títì, páìpù tí wọ́n dè mọ́ orí rẹ̀ á máa ró gbàǹgàn-gbàǹgàn, àwọn ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn á sì jókòó sínú rẹ̀ bí ayaba, ọ̀kan níwájú, àwọn yòókù lẹ́yìn láàárín sípánà àti okùn rọ́bà, kálukú di Bíbélì rẹ̀ mọ́ àyà. Bí ọkọ̀ náà bá já sí kòtò, gbogbo wọn á jọ pe Jésù, wọ́n á sì máa bá ìtàn wọn lọ.

Ọ̀gá Páìpù ló ń wa ọkọ̀ yìí. Púlọ́ńbà ni. Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò sọnù, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń pè é mọ́, inú gbọ́dọ̀ ti bí ìyẹn náà kó tó pè é. Ọkùnrin kúkúrú tó ki pọ́pọ́ ni, orí rẹ̀ pá, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é síbi ẹ̀rọ omi tó ń kán, á máa sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aláìsàn: ó lè ní ọ̀fun rẹ̀ ló dí, ó sì lè ní ọrùn rẹ̀ ló rọ̀, kí wọ́n má fòyà, yóò sàn.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ inú ìjọ gidi ni ìyẹn. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi yìí ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ orin, ibẹ̀ ló sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi orin bínú síni. Nígbà tí Ọ̀gá Páìpù ń wá a láti fẹ́, kò rí ọ̀nà mìíràn tó lè fi máa rí i ju kó máa tẹ̀lé e lọ sílé Ọlọ́run. Ó lọ, ó jókòó, ó gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo ènìyàn rò pé bí ìgbéyàwó bá ti kọjá, yóò bọ́ sómi. Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n bímọ, ọmọ dàgbà, ọmọ ríṣẹ́ sílùú mìíràn, Ọ̀gá Páìpù ò tíì bọ́ sómi.

Ó yẹ ká là á yé ẹni tí kò bá mọ ìṣe wọn. Nínú ìjọ yìí, wọn kì í tẹ ọmọ ọwọ́ bọmi. Ẹni tó bá gbàgbọ́ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú ìjọ, wọ́n á wá tẹ gbogbo ara rẹ̀ bọ inú omi láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, kó tó di ọmọ ìjọ. Ẹni tí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kì í lé e. Wọ́n á fún un ní ìjókòó, wọ́n á fún un ní ìwé orin, bó bá sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan, wọ́n á fún un níṣẹ́ ṣe. Àmọ́ kì í jẹ Oúnjẹ Olúwa, kì í sì í nawọ́ sókè nínú ìpàdé ìjọ.

Iṣẹ́ yẹn ni Ọ̀gá Páìpù rí gbà jù. Lọ́jọ́ Ajé, òun ló ń fi ọkọ̀ gbé ẹgbẹ́ alábẹ̀wò lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn. Bí àwọn yẹn bá ń gbàdúrà nínú yàrá, òun á ti wọ ilé ìdáná, á máa wá ohun tó ń jò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á lọ kí Màmá Agbẹ̀bí. Níbi ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń jókòó, ó sì máa ń tòògbé díẹ̀ bí Bàbá Díákónì bá ti bẹ̀rẹ̀, torí àdúrà bàbá yẹn máa ń kọ́kọ́ yí gbogbo ayé ká kó tó padà wálé. Bó bá ń dúró de ìyàwó rẹ̀ níbi ìdánrawò akọrin, kò sí ilẹ̀kùn tó ń dún tí kì í fi òróró sí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun àti àwọn obìnrin á jọ fọ ilé ìjọsìn, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á máa dá a padà fún wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jẹ Oúnjẹ Olúwa nìkan ni wọn kì í rí i. Bí àwọn díákónì bá ti ń gbé àwo búrẹ́dì, á rọra dìde, á ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀rọ tó ń fa omi lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ náà kì í ní àrùn kankan lọ́jọ́ mìíràn. Màmá Agbẹ̀bí ló sọ ọ́ ní Àna Ìjọ. Ó ní àna rere nìyí, tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé, tí kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí.

Ohun tó wá ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù ni pé òun náà ló ń fa omi sí odò ìtẹ̀bọmi. Kòtò onísìmẹ́ńtì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn àga ìwàásù, tí wọ́n fi pákó bò. Bí ìtẹ̀bọmi bá ń bọ̀, Ọ̀gá Páìpù á na rọ́bà sí i, á ṣí ẹ̀rọ, á sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà títí kòtò á fi kún. Tó bá wá di ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń tẹ àwọn ẹlòmíràn bọ̀ ọ́, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ óò ti rí i, bí alásè tí kì í tọ́ ọbẹ̀ ara rẹ̀ wò.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ì bá wà títí, bí kì í bá ṣe pé obìnrin tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ alábẹ̀wò kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Wọ́n pe ìpàdé ìjọ láti yan ẹlòmíràn. Nínú ìpàdé yẹn, kò sí ẹni tó tóbi ju ẹnì kejì lọ: ọwọ́ kan ni pásítọ̀ ń nà sókè, ọwọ́ kan náà ni onídìrí ń nà. Alápatà kan nínú ìjọ, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, dìde, ó ní òun kò mọ ohun tí wọ́n ń wá kiri. Ó ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà kúkú wà níta níbẹ̀ yẹn, ó ń tún gọ́tà ṣe. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Bàbá Díákónì dìde. Ọ̀gá ilé-ìwé ni nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń to ọ̀rọ̀ bí ẹni ń to bíríkì. Ó ní kò sí ẹni tí òun fẹ́ràn tó Ọ̀gá Páìpù nínú gbogbo àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ó ní àmọ́ òfin ni òfin ń jẹ́: ọmọ ìjọ ló ń ṣe olórí ẹgbẹ́, inú omi ni wọ́n sì ń gbà di ọmọ ìjọ. Ó jókòó. Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn, inú ẹnikẹ́ni kò sì dùn sí i, títí kan Bàbá Díákónì fúnra rẹ̀.

Pásítọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin onísùúrù kan, jáde lọ bá Ọ̀gá Páìpù níbi gọ́tà. Ó sọ fún un pé gbogbo ìjọ ń fẹ́ kó ṣe olórí àwọn alábẹ̀wò, ó wá bi í ní ohun tó ń dá a dúró níbi omi. Ọ̀gá Páìpù wo gọ́tà. Ó ní sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti gbó. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó lọ, ó sì gbàgbé ìyàwó rẹ̀ sínú ìpàdé. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ ni aránṣọ fi rìn délé.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ di ti gbogbo ilé. Nínú ìjọ yẹn, wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Àdúrà ni wọ́n máa ń ní ká fi í sí. Ẹni tí wọ́n bá sì ní kó gbàdúrà á ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé dáadáa fún òun, kí òun lè mọ ibi tí òun á gbé àdúrà náà gbà. Àwọn kan ní bóyá òun àti pásítọ̀ tó ti lọ ló jọ ní gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Àwọn kan ní àpá ńlá kan ló wà lára rẹ̀ tí kò fẹ́ kí aṣọ tútù fi hàn. Ẹnì kan tilẹ̀ ní bóyá ó ní ìyàwó mìíràn níbì kan. Nígbà tí ìyẹn dé etí aránṣọ, ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò lè rántí ibi tó bọ́ bàtà sí, ṣé òun ni yóò rántí ilé méjì? Àmọ́ bó ṣe rẹ́rìn-ín tán, ó jókòó, ó ń rò ó. Òun gan-an kò mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá bi ọkọ rẹ̀, àwàdà ló fi ń dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, Ọ̀gá Páìpù lọ sílé Màmá Agbẹ̀bí bó ṣe máa ń lọ. Màmá ti fẹ̀yìntì tipẹ́, eékún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbéra ga níwájú rẹ̀ nínú ìjọ yẹn, torí ọ̀pọ̀ wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbà sáyé. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀, òun ló gbá a nídìí kó tó sunkún àkọ́kọ́, ó sì máa ń rán an létí bí ìwàásù bá ti ń pẹ́ jù.

Páìpù abẹ́ síńkì ló ń jò lọ́jọ́ náà. Màmá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, ó ń rẹ́ ewébẹ̀, Ọ̀gá Páìpù dùbúlẹ̀ sábẹ́ síńkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn. Ibi tó ti ń so páìpù pọ̀ ni nǹkan ti yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì tú yàà sí i lójú. Ó ta jáde bí ẹni tí iná jó, ó forí gbá etí síńkì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ láyà, ó ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀ bí ẹni tó sáré láti òkèèrè.

 Màmá dúró títí Ọ̀gá Páìpù fi ti omi pa, tó fi fa aṣọ ìnujú yọ lápò, tó fi nu ojú, tó tún un nù, tó sì tún un nù. Ìgbà náà ló wá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ọkọ mi, jókòó," ó ní. "Mo mọ ojú ẹni tí nǹkan ń dùn, mo sì mọ ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Omi lò ń bẹ̀rù."

Ọ̀gá Páìpù wá àwàdà kan tó máa fi dá a lóhùn. Àwàdà náà kò wá. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun àti ẹ̀gbọ́n òun lọ sódò, ẹsẹ̀ òun yọ̀, omi gbé òun lọ. Ó ní ohun tí òun ń rántí kò ju òkùnkùn àti ariwo inú etí lọ, àti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun tó gbá òun lẹ́wù mú. Láti ìgbà náà, òun kò jẹ́ kí omi kankan dà sí òun lójú mọ́. Aṣọ tútù ni òun fi ń nu ojú. Bí òun bá ń wẹ̀, ọrùn ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní torí omi náà ni òun ṣe kọ́ṣẹ́ púlọ́ńbà, kí òun lè mọ ibi tó ń gbà wá àti ibi tí wọ́n ti ń tì í. Omi inú páìpù, ẹrú òun ni. Omi tó tẹ́jú sílẹ̀, tó dákẹ́, tó ń wo ènìyàn, ìyẹn ni òun kò lè bá ṣe.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló ya Ọ̀gá Páìpù lẹ́nu, torí Màmá máa ń rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú pàápàá.

"Ṣé o gba Olúwa gbọ́?"

"Ó ti pẹ́, Màmá."

"Ṣé o fẹ́ ẹ, àbí àwọn ènìyàn ló fẹ́ ẹ fún ọ?"

Ọ̀gá Páìpù yí sípánà rẹ̀ lọ́wọ́. "Bí wọ́n bá ń pín búrẹ́dì, tí mo wà lẹ́yìn níbi ẹ̀rọ, mo máa ń gbọ́ bí gbogbo ilé ṣe máa ń dákẹ́. Ó máa ń ṣe mí bí ọmọ tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta. Ẹnikẹ́ni kò sì tì í mọ́ mi, Màmá. Èmi ni mo tì í mọ́ ara mi."

Màmá nu ọwọ́ rẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Gbé bàsíà tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn wá."

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣàdéhùn pé kò ní sí ẹni tó máa gbọ́. Màmá á ní kó bu omi sí bàsíà, kó sì fi ojú rẹ̀ bọ̀ ọ́ títí òun á fi kọ ẹsẹ orin kan tán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló kan omi. Lẹ́yìn náà ó di ẹnu, lẹ́yìn náà imú, ó sì máa ń gbé orí sókè bí adìẹ tó ń mumi. Aláàánú ni Màmá. Ó ń kọ orin náà kíákíá ju bí akọrin èyíkéyìí ṣe lè kọ ọ́ lọ, ó sì máa ń fo àwọn ibi tó bá gùn. Ọ̀gá Páìpù kò dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́. Ó ń wá nígbàkigbà tí iṣẹ́ bá jẹ́ kó ráyè. Bí wọ́n bá bi í, á ní páìpù Màmá tún ti bẹ̀rẹ̀.

Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Màmá ló tú àṣírí. Kì í ṣe pé ó ń yọjú. Ó kàn ń da omi nù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ó gbọ́ tí ọkùnrin kan ń hó nínú omi bí ìkòkò, ó gbọ́ ohùn Màmá tó ń sọ pé, "Tún un tẹ̀ bọ̀ ọ́. Má tíì gbé e sókè." Ó kúrò níbẹ̀ wéré. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá Díákónì, bó sì ṣe ń dé ibì kan ló ń dàgbà sí i. Àwọn kan ní Màmá ti bẹ̀rẹ̀ ìjọ tirẹ̀ nínú ilé ìdáná. Àwọn kan ní ogbó ti da Màmá lórí rú, ẹnu ọ̀nà ikú ni Ọ̀gá Páìpù wà.

Bí Bàbá Díákónì, aránṣọ àti onídìrí ṣe já wọ ilé Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì nìyẹn. Ilẹ̀kùn kò tì. Wọ́n bá Ọ̀gá Páìpù lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àga, orí rẹ̀ nínú bàsíà, tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn rẹ̀, Màmá sì jókòó tì í, ó ń kọrin, ó sì ń fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ bí olórí akọrin. Nígbà tí Ọ̀gá Páìpù gbé ojú sókè tó rí wọn, omi ń kán ní imú rẹ̀. Kò sí ibi tó lè sá sí. Ló bá jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún un sọ, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

 Onídìrí wá àga jókòó. Bàbá Díákónì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ìka kan bọ inú bàsíà.

"Omi tútù lẹ ń lò fún un?" ó bi Màmá.

Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò dára. Omi tútù a máa gba èémí lẹ́nu ènìyàn." Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó kọjá síbi iná, ó gbé kẹ́tù kaná. Ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń gbé láti ìgbà èwe kò tíì rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ nílé rí, nígbà tí wọ́n sì sọ fún un, kò gbà á gbọ́.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, aránṣọ kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n délé, ó gbé oúnjẹ fún un. Ọ̀gá Páìpù ì bá fẹ́ kó pe orúkọ rẹ̀ gidi, kó bínú kó tán. Kò pè é. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó wá jókòó sí iwájú rẹ̀.

"Gbogbo ọdún yìí," ó ní, "Màmá lo kọ́kọ́ sọ fún."

"Màmá ló rí mi. Èmi kò sọ fún un."

"Èmi náà ń rí ọ. Mo rò pé bí o ṣe máa ń fi aṣọ nu ojú yẹn, ìgbéraga ni."

Ọ̀gá Páìpù ní òun kò fẹ́ kó mọ̀ pé ohun tí òun fi ń wá oúnjẹ ilé ni òun ń sá fún. Ó ní ọkọ olómi ló fẹ́, òun kò sì fẹ́ kó wá mọ̀ pé ọkọ tó ń sá fómi ni. Aránṣọ wò ó títí. Ó ní òun kò fẹ́ olómi, òun kò fẹ́ oníná, ọkùnrin kan tó ń pa òun lẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìsìn ni òun fẹ́. Ó wá dìde, ó mú okùn ìwọnṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àyà rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wọ omi gbọ́dọ̀ ní aṣọ funfun tó bá a mu, torí èyí tí ìjọ ní, á wọ́ ọ nílẹ̀.

Bàbá Díákónì náà kò sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ka ìwé òfin ìjọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì lọ bá pásítọ̀. Ó ní òun kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé omi gbọ́dọ̀ tutù, òun kò sì rí ibi tí wọ́n ti ní pásítọ̀ nìkan ni kó wọ inú rẹ̀. Pásítọ̀ ní òun náà kò rí i. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ṣèrìbọmi gbọ́dọ̀ jẹ́rìí níwájú ìpàdé ìjọ, kí wọ́n nawọ́ sókè láti gbà á. Ọ̀gá Páìpù dìde lọ́jọ́ tirẹ̀, ó di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Mo gba Jésù gbọ́, mo sì fẹ́ràn yín. Omi ni mo ń bẹ̀rù." Ó jókòó.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Alápatà ló kọ́kọ́ dìde. Ó fi ohùn ńlá rẹ̀ yẹn sọ pé òun tí ẹ ń wò yìí, bí òun bá rí abẹ́rẹ́ dókítà, ńṣe ni òun máa ń dákú. Ìyá kan ní ajá ni ti òun, èyí tó kéré gan-an ló sì burú jù. Olórí akọrin ní kò sí ìgbà tí òun dìde kọrin níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ òun kì í gbọ̀n. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó wá kù díẹ̀ kí ìpàdé di ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ka ẹ̀rù wọn. Bàbá Díákónì ló ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n dìbò. Gbogbo ọwọ́ ló gòkè. Màmá Agbẹ̀bí na méjèèjì, wọ́n ní kó sọ ọ̀kan kalẹ̀, ó ní òun ti dàgbà ju kí wọ́n máa kọ́ òun lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìtẹ̀bọmi, Ọ̀gá Páìpù fa omi sí odò bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí Bàbá Díákónì wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣí pákó, ó rí i pé omi náà kò kọjá eékún. Ó pe Ọ̀gá Páìpù. Ọ̀gá Páìpù ní agbára omi kéré lónìí. Bàbá Díákónì ṣí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, omi sì tú jáde bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láti àárọ̀. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wò ó bó ti ń gòkè. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin ìjọ gbé ìkòkò ńlá kaná, wọ́n sì da omi gbígbóná sí i títí ó fi lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ilé kún lọ́jọ́ náà. Àwọn tí kì í wá àfi lọ́dún tuntun wá. Ọ̀gá Páìpù jáde nínú aṣọ funfun tí ìyàwó rẹ̀ rán, aṣọ náà sì ní àpò, torí aránṣọ mọ̀ pé ọkọ òun kì í mọ ibi tó lè fi ọwọ́ sí bí kò bá sí àpò. Pásítọ̀ dúró lápá kan, Bàbá Díákónì dúró lápá kejì, omi dé ìbàdí rẹ̀, ó nà gbọnrangandan bí òpó. Ọ̀gá Páìpù sọ ẹsẹ̀ kan sí i. Ó dúró. Ó wo omi, omi wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú àpò, kò sì yọ ọ́.

"Ṣé ká dúró díẹ̀?" pásítọ̀ bi í jẹ́ẹ́jẹ́.

"Bí mo bá dúró, mo máa rántí iṣẹ́ kan tí mo fi sílẹ̀," Ọ̀gá Páìpù ní. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá Díákónì gbá a lẹ́yìn mú. Pásítọ̀ pe orúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́, Ọ̀gá Páìpù fa èémí sínú títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì fi wú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́. Omi pa dé. Ìṣẹ́jú àáyá lásán ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mí nínú ilé náà. Wọ́n gbé e dìde. Omi ń ṣàn lórí rẹ̀ tó pá, ó la ojú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ṣé ó ti tán?" ó bi Bàbá Díákónì.

"Ó ti tán."

"Ìyẹn náà nìyẹn?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Olórí akọrin gbé orin, àmọ́ ohùn kan kò sí nínú rẹ̀: aránṣọ ti fi ìlà akọrin sílẹ̀. Ó gba iwájú gbogbo wọn kọjá pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu orí ọkọ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń nù ún, ó ń nù ún, títí pásítọ̀ fi ní orí náà ti gbẹ. Nígbà tí Ọ̀gá Páìpù yọ ọwọ́ rẹ̀ lápò, sípánà kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun gbọ́dọ̀ di nǹkan tó mọ̀ mú. Pásítọ̀ ní òun kò rí ibi tí Ìwé Mímọ́ ti kọ̀ ọ́.

Oúnjẹ Olúwa tó tẹ̀lé e, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Nígbà tí àwo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó mú búrẹ́dì náà, ó sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́. Màmá kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ojú tirẹ̀ náà kò gbẹ.

Wọ́n fi í ṣe olórí àwọn alábẹ̀wò nínú ìpàdé tó kàn. Ẹni àkọ́kọ́ tó sì forúkọ sílẹ̀ láti máa tẹ̀lé e ni Bàbá Díákónì. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n jọ lọ kí olùkọ́ kan tí ẹ̀yìn ń dùn, tí kò sì rí oorun sùn láti ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀gá Páìpù ní kí Bàbá Díákónì gbàdúrà. Bàbá Díákónì di ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti àwọn tó wà lórí òkun, ó kọjá sọ́dọ̀ àwọn ọba àti àwọn ìjòyè, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó máa fi dé orílẹ̀-èdè kejì, olùkọ́ ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

Ọ̀gá Páìpù fi ìka kan kan Bàbá Díákónì lápá. Bàbá Díákónì la ojú kan, ó rí i. Ó rò ó wò díẹ̀, ó ṣe Àmín sínú, wọ́n sì rọra jáde.